Èéhù Jíjẹ

Èéhù jíjẹ ni orúkọ gbogbogbòò fún irúgbìn tí ó ti mumi, tí ó sì ti yọ gbòǹgbò àti ọ̀mùnú, tí ènìyàn ń jẹ kí ó tó di odindi ewéko. Lára irúgbìn tí wọ́n ń mú hù fún jíjẹ tàbí mímu ni ẹ̀wà, ẹ̀wà sóyà, àgbàdo, ọkà bàbà àti jéró. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, oríṣi èéhù méjì ni ó gbajúmọ̀, àwọn méjèèjì sì pàdé ní Abidjan, ìlú tí ó tóbi jùlọ ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ìkíní ni èéhù àtijọ́ tí ó máa ń gba inú iná kọjá kí ó tó dé ẹnu: èéhù ọkà bàbà tí wọ́n fi ń pọn ọtí tchapalo, àti èéhù ọ̀pẹ rônier tí wọ́n máa ń sè. Ìkejì ni èéhù ẹ̀wà tútù, tí ó bá oúnjẹ Éṣíà àti ti Yúróòpù wọ ìlú, tí àwọn mìíràn ń jẹ láìsè nínú sàláàdì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ju ọ̀rọ̀ adùn lọ. Ooru àti omi tí ń jí irúgbìn náà ni ó ń jí kòkòrò àìfojúrí tí ó bá fara pamọ́ sí ara rẹ̀. Iná ni ohun kan ṣoṣo nínú ilé ìdáná tí ó dájú pé ó ń pa kòkòrò náà. Nítorí èyí, bí ènìyàn ṣe ń yan èéhù, bí ó ṣe ń pa á mọ́ àti bí ó ṣe ń sè é jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera.

Orúkọ

Èéhù tí àwọn ilé oúnjẹ Éṣíà ní Abidjan máa ń lò jùlọ ni wọ́n ń pè ní germes de soja tàbí pousses de soja ní èdè Faransé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni èéhù ẹ̀wà sóyà, ṣùgbọ́n orúkọ náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Èéhù funfun gígùn náà sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀wà mung, ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ewé tí àwọn ará Íńdíà ti ń gbìn láti ayébáyé. Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Vigna radiata. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni ó jẹ́ fún ẹ̀wà tí àwọn Yorùbá fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, Vigna unguiculata. Sóyà gan-an, Glycine max, jìnnà sí wọn díẹ̀ nínú ìran ẹ̀wà. Orí èéhù sóyà tóbi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyeyè, ó sì le ju ti mung lọ.

Ó yẹ kí onísè mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èéhù mung kì í pẹ́ jinná. Èéhù sóyà ní láti pẹ́ lórí iná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn èròjà kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí inú lè lo purotéènì rẹ̀ dáadáa, ooru ni ó sì ń sọ wọ́n di aláìlágbára.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú irúgbìn tí ó ń hù

Irúgbìn gbígbẹ dà bí ẹni tí ó sùn. Nígbà tí ó bá mumi tó, àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn a sọ èròjà ìyẹ̀fun di ṣúgà, wọn a sì fọ́ purotéènì sí wẹ́wẹ́ kí ọ̀mùnú lè rí oúnjẹ jẹ. Ìdí nìyí tí ọkà tí ó hù fi máa ń dùn lẹ́nu ju ọkà gbígbẹ lọ. Fítámì C, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú irúgbìn gbígbẹ, a pọ̀ sí i. Phytic acid, èròjà inú ọkà àti ẹ̀wà tí ń di irin àti zinc mú tí ara kì í fi í rí wọn lò tó, a dínkù. Àwọn ṣúgà tí ń mú inú wú lẹ́yìn ẹ̀wà jíjẹ náà a dínkù.

Síbẹ̀, omi ni ó pọ̀ jùlọ nínú èéhù tútù. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwọ̀n èéhù mung ni omi, purotéènì inú 100 gíráàmù rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí gíráàmù 3 lọ. Kílò ẹ̀wà mung kan lè di kílò èéhù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n omi ni ohun tí ó wọlé sí i. Ẹni tí ó bá ń jẹ èéhù ń jẹ ẹ̀fọ́ tí ó dára. Oúnjẹ náà ṣì nílò ẹ̀wà sísè, ẹja tàbí ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èéhù nínú oúnjẹ àti ohun mímu ìbílẹ̀

Tchapalo ni ọtí ọkà bàbà tí àwọn obìnrin ń pọn ní Côte d'Ivoire. Apá àríwá orílẹ̀-èdè náà ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pọn ọ́n, wọ́n sì ń tà á, ní Abidjan pẹ̀lú. Ó bá dolo ti Burkina Faso, tchoukoutou ti orílẹ̀-èdè Benin, àti pítò àti ọtí bàbà ti Nàìjíríà tan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo àwọn Yorùbá, náà wá láti inú ọkà tí wọ́n mú hù. Àwọn onímọ̀ ní Université Nangui Abrogoua ní Abidjan ti ṣe ìwádìí lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú tchapalo kan, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọtí.

Bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n rèé ní kúkúrú. Apọntí a rẹ ọkà bàbà sínú omi, a sẹ́ ẹ, a tẹ́ ẹ, a sì bò ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi hù. Lẹ́yìn èyí, a sá a sí oòrùn kí ó gbẹ, a lọ̀ ọ́, a sì pò ó mọ́ omi. Omi náà a kan, wọn a sì sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìgbà tí ó bá tutù ni wọ́n tó fi ìwúkàrà sí i kí ó lè di ọtí.

Sísè yìí ń ṣe ju kí ó mú ọtí dùn lọ. Nígbà tí ọkà bàbà bá ń hù, ó máa ń pèsè èròjà kan tí ń jẹ́ dhurrin, tí ó lè tú májèlé sáyánáìdì jáde. Inú ọ̀mùnú àti gbòǹgbò ni ó ti pọ̀ jùlọ. Àwọn darandaran mọ ewu náà dáadáa, nítorí ewé ọkà bàbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lè pa màlúù. Májèlé yìí jọ ti inú ẹ̀gẹ́ tútù, èyí tí fífún àti yíyan ń lé jáde nínú gàrí, tí kíkan, fífún àti fífi ooru omi sè sì ń lé jáde nínú attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará Abidjan fẹ́ràn. Gbígbọn ọ̀mùnú àti gbòǹgbò kúrò lára ọkà gbígbẹ, lílọ̀, rírẹ àti sísè pẹ́ ni ó ń dín in kù nínú ọkà bàbà. Nítorí náà, ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ èéhù ọkà bàbà ní tútù, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó.

Èéhù ìbílẹ̀ kejì wá láti ara ọ̀pẹ rônier, Borassus aethiopum, igi tí àwọn Haúsá ń pè ní gìgínyà. Ó pọ̀ nínú pápá ilẹ̀ àwọn Baoulé ní àárín Côte d'Ivoire, ní agbègbè Toumodi, Dimbokro àti Bouaké. Bí wọ́n bá ri irúgbìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, èéhù nípọn kan a na ara rẹ̀ sísàlẹ̀, a sì wú nínú ilẹ̀ bí iṣu tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn a hú u, wọn a sè é, wọn a bó o, wọn a sì jẹ ẹ́. Èròjà ìyẹ̀fun pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ní okùn tín-ín-rín tí ẹni tí ń jẹ ẹ́ máa ń tu dànù. Ní Nàìjíríà, mùrúcì ni àwọn Haúsá tí ń tà á ń pè é. Òun náà kò yàtọ̀ sí ọkà bàbà nínú ohun kan: iná ni ó máa ń kọ́kọ́ rí kí ènìyàn tó jẹ ẹ́.

Ewu inú èéhù tútù

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, àìsàn ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Jámánì. Kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Escherichia coli O104:H4 ni ó fà á. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ fura sí kùkúńbà tí ó wá láti Sípéènì, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì pàdánù owó ńlá kí ó tó hàn gbangba pé inú èéhù ni àrùn náà ti wá. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó ṣàìsàn. Nínú wọn, ó ju 800 lọ tí kíndìnrín wọn ní ìpalára, ó sì ju 50 lọ tí ó kú. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, kòkòrò kan náà kọlu àwọn ènìyàn ní ẹ̀bá Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Ìwádìí tọpasẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì dé ìdí irúgbìn fenugreek tí wọ́n kó wọlé láti Íjíbítì. Ní ọdún 2013, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tuntun pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta èéhù tàbí irúgbìn rẹ̀ lè fi ibi tí ó ti wá hàn. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1996, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ìwé ní ìlú Sakai ní ilẹ̀ Japan ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kọlù, èéhù radish tí ó wà nínú oúnjẹ wọn ni ìwádìí sì tọ́ka sí.

Ohun tí ó fa irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò ṣòro láti lóye. Kòkòrò díẹ̀ lè wọ inú èépá irúgbìn tí ó sán láti oko, láti ara ìgbẹ́ ẹran tàbí omi ẹlẹ́gbin. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nígbà tí irúgbìn bá gbẹ. Bí wọ́n bá rẹ irúgbìn náà sínú omi tí wọ́n sì fi í sí ibi tí ó móoru fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kòkòrò díẹ̀ náà lè di àràádọ́ta ọ̀kẹ́ nínú gíráàmù èéhù kan. Fífọ̀ èéhù kò lè mú un kúrò, nítorí ó ti wọ inú ara rẹ̀. Ní ọdún 1999, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí àwọn tí ń mú èéhù jáde fún títà máa kọ́kọ́ fi èròjà chlorine líle tọ́jú irúgbìn wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn pàápàá kì í pa gbogbo kòkòrò náà tán. Èéhù tí ó ní kòkòrò yìí lè funfun, kí ó le kó-kó, kí ó má sì ní òórùn kankan.

Ní Abidjan, ooru ọ̀sán sábà máa ń tó 28°C sí 32°C, afẹ́fẹ́ sì máa ń ní ọ̀rinrin púpọ̀. Ooru yìí dára fún híhù ẹ̀wà, ó sì dára fún kòkòrò bákan náà. Nítorí náà, kò yẹ kí àwọn ọmọdé, àwọn aláboyún, àwọn àgbàlagbà àti ẹnikẹ́ni tí àìsàn ti dín agbára ara rẹ̀ kù jẹ èéhù tí wọn kò sè.

Yíyàn lọ́jà

Èéhù tí ó dára máa ń le, ó sì máa ń dá pẹ́kẹ́ bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ. Ara rẹ̀ funfun, gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì pọ́n, òórùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀fọ́ tútù lọ. Èyí tí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí omi dúdú wà nísàlẹ̀ ọ̀rá rẹ̀, tàbí tí ó ń rùn bí ohun tí ó kan, ti ń bàjẹ́. Ó yẹ kí olùrà fọwọ́ kan ọ̀rá náà: bí kò bá tutù, a jẹ́ pé kò tíì wà nínú òtútù. Èéhù tí wọ́n pàtẹ sínú agbada omi ní oòrùn kò yẹ ní rírà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ ra irúgbìn gbígbẹ kí wọ́n sì mú un hù fúnra wọn. Ọkà àti ẹ̀wà wà ní àwọn ọjà ńlá Adjamé àti Treichville, níbi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò, tí àwọn ará ìlú sì ń pè ní Anango, ti ń tajà láti ìran dé ìran. Irúgbìn tí ó yẹ ni èyí tí kò sán, tí kòkòrò kò dá lu, tí kò bu, tí kò sì pẹ́ jù nínú àpò.

Ohun mẹ́ta ni olùrà gbọdọ̀ ṣọ́ra fún. Ìkíní ni irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn tọ́jú fún gbígbìn. Wọ́n sábà máa ń pa á láró pupa, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ mìíràn gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, fífọ̀ kò sì lè sọ ọ́ di oúnjẹ. Ìkejì ni ẹ̀wà tí wọ́n da oògùn apakòkòrò sí kí ó má baà bàjẹ́ nínú àká. Ẹni tí kò bá lè sọ bí wọ́n ṣe pa á mọ́ kò yẹ ní ẹni tí ènìyàn ń ra irúgbìn èéhù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹta ni irú irúgbìn tí kò ṣeé jẹ ní tútù rárá. Yàtọ̀ sí ọkà bàbà, ẹ̀wà pupa ńlá tí àwọn elédè Faransé ń pè ní haricot rouge ní èròjà kan tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bí kò bá hó dáadáa. Èéhù tí ó bá yọ lára ọ̀dùnkún òyìnbó pàápàá ní májèlé, gígé e sọnù ni ó yẹ.

Mímú èéhù hù nílé

Ẹ̀wà mung kò ṣòro láti mú hù. Wọn a ṣà á, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ fún wákàtí 8 sí 12. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ ẹ, wọn a dà á sínú ìgò tàbí asẹ́ tí wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀, wọn a fi aṣọ mímọ́ bò ó, wọn a sì gbé e sí ibi tí ó ṣókùnkùn. Òkùnkùn ni ó ń mú kí ó funfun kí ó sì rọ̀. Ní ìlú olóoru bí Abidjan, ó yẹ kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣàn án ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, kí wọ́n sì ro omi rẹ̀ dànù dáadáa ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, nítorí omi tí ó bá dúró sídìí ìgò ni ó ń mú un rà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, yóò ti ṣeé sè. Ọwọ́ tí ó mọ́, omi tí ó mọ́ àti ohun èlò tí ó mọ́ ń dín ewu kù. Wọn kò lè mú ewu tí ó ti wà nínú irúgbìn láti oko kúrò.

Ìpamọ́

Inú ẹ̀rọ amóhuntutù, ní ìwọ̀n 4°C tàbí kí ó kéré sí i, ni ó yẹ kí èéhù tútù wà láti ìgbà tí ó bá ti hù tán. Kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n sì fi í sínú ike tí wọ́n tẹ́ aṣọ tàbí bébà mímọ́ sí. Kò yẹ kí ó wà lábẹ́ ẹran tàbí ẹja tútù tí omi ara rẹ̀ lè kán sí i. Bí ó bá pẹ́ jù, ọjọ́ mẹ́ta ni ó yẹ kí wọ́n ti sè é tán. Òtútù ń fa ìdàgbà kòkòrò sẹ́yìn, kì í pa á. Bí iná mànàmáná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí ẹ̀rọ náà sì móoru, kí wọ́n sọ èéhù náà nù.

Ọ̀nà àtijọ́ láti pa èéhù mọ́ ni gbígbẹ. Ọkà tí ó hù tí ó sì gbẹ dénú lè pẹ́ fún oṣù púpọ̀ nínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ní àsìkò òjò, nígbà tí oòrùn kò bá pọ̀, ewu olú wà: ọkà híhù tí ó bá bu, tí ó ní ohun dúdú tàbí aláwọ̀ ewé lára, lè ní májèlé tí iná kì í pa, kò sì yẹ fún ọtí tàbí oúnjẹ.

Sísè

Èéhù mung kò fẹ́ iná pípẹ́. Wọn a bọ̀ ọ́ sínú omi tí ń hó yaya fún ìṣẹ́jú méjì, wọn a sì sẹ́ ẹ. Tàbí wọn a dín in nínú òróró gbígbóná pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti ẹran tàbí edé, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi máa rú èéfín gbígbóná. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi rẹ̀ a dà sílẹ̀, a sì rọ̀ jọwọrọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ èéhù nínú sàláàdì lè kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ó tó pò ó mọ́ tòmátì, kùkúńbà àti àlùbọ́sà tí àwọn ará Abidjan fi ń jẹ attiéké àti ẹja díndín. Èéhù tí wọ́n dì sínú nem, oúnjẹ Vietnam tí wọ́n máa ń dín, ní láti gbóná dé àárín kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú òróró. Èéhù sóyà ní láti hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Sísè ń dín fítámì C kù, ṣùgbọ́n ó tó láti gba ara lọ́wọ́ àìsàn, fítámì náà sì wà nínú ọsàn àti ẹ̀fọ́.

Èéhù nínú oúnjẹ ọmọdé

Ibi tí èéhù ti lè wúlò jùlọ ni nínú ẹ̀kọ mímu ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Ikùn ọmọ ọwọ́ kéré. Bí ẹ̀kọ bá ki, kò lè gbé e mì. Bí ìyá bá sì fi omi là á, omi ni yóò yó ọmọ náà dípò oúnjẹ. Ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí jéró tí ó hù tí ó sì gbẹ lè yanjú ìṣòro yìí. Bí wọ́n bá po ṣíbí kékeré kan rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ kíki tí ó ti kúrò lórí iná, tí ó ti dínkù sí nǹkan bí 60°C sí 70°C, ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ yóò sọ ẹ̀kọ náà di ṣíṣàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí omi tí wọ́n fi kún un. Bí ẹ̀kọ náà bá ń hó nígbà tí wọ́n fi í sí i, ooru yóò pa ẹ́ńsáìmù náà kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ìyẹ̀fun ọkà bàbà híhù kò yẹ fún iṣẹ́ yìí bí wọn kò bá tíì gbọn ọ̀mùnú àti gbòǹgbò rẹ̀ kúrò pátápátá. Irú ọkà yòówù kó jẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀kọ náà bá ti ṣàn, wọ́n gbọdọ̀ gbé e padà sórí iná kí ó hó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sì tutù tó, kí wọ́n tó fún ọmọ mu.